Ògiri Ẹ̀yìn Bẹ́ẹ̀dì Kẹta

Ilé Ìgbẹ̀bí Àdúgbò,
Ìsọlọ̀, Èkó.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1975.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Bàbá Abórìṣàdé,

Èmi Táòfíkì, ọmọ tí ẹ kọ́ ní iṣẹ́ ilé mímọ, dọ̀bálẹ̀ láti Ìsọlọ̀ níbí o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ ìtọ́jú? Ṣé Ìyá ti padà sẹ́nu ọjà wọn? Àlàáfíà yín ni mo kọ́kọ́ ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí n tó tọrọ tèmi. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí lójú kan. Ẹni tó bá ń bá yín ka ìwé yìí, kó jọ̀wọ́ rọra kà á, torí orí itan ni mo ti ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn lè ṣòro láti mọ̀. Mo ń gbààwẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀rù ni.

Inú yàrá aboyún ni mo jókòó sí, lórí àga kékeré kan, èmi nìkan, ní ọ̀sán gangan. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ògiri amọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi mọ wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá kọ ìlà kan, mà á yíjú wò ó, mà á tún kọ òmíràn. Wọ́n ní kí n jókòó tì í títí òjò yóò fi dá. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú wàhálà tí mo kó ara mi sí.

Ẹ rántí pé mo kọ̀wé sí yín nígbà ọyẹ́ pé àdúgbò wa fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibí ló ń ṣiṣẹ́ ṣífùtù ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà lẹ́yìn wa. Bí ọ̀kan bá ń rọbí, àfi ká máa wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí Ìkẹjà láàárín àwọn tírélà tó dí ọ̀nà pa. Méjì ti bímọ sínú mọ́tò ní Òṣòdì. Ẹnìkẹta kò bọ̀ mọ́, àtòun àtọmọ. A dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a rí ilẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n a ò rí sìmẹ́ńtì. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Èkó, wọ́n ní ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ ní Àpápá, síbẹ̀ àpò kan ṣoṣo kò dé ọ̀dọ̀ àwa. Ibẹ̀ ni mo ti dìde nípàdé. Mo ní, "Ilẹ̀ pupa tí a dúró lé yìí, ilé ni. Bàbá tó bí bàbá mi fi irú rẹ̀ kọ́lé ní Ìwó, ilé náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Bàbá, ká ní ẹ rí wa! Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tọkùnrin tobìnrin á ká aṣọ sókè, wọ́n á máa fẹsẹ̀ po amọ̀. Akọ̀wé, dẹ́rẹ́bà, tíṣà, gbogbo wọn ló yí nínú ẹrẹ̀. Mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo fi koríko gbígbẹ sí i, mo jẹ́ kó sùn, mo mọ ipele kan, mo dúró kó gbẹ kí n tó gbé òmíràn lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnjiníà. Orí mi wú, kí n má purọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ṣáájú páànù dé. Ó pa ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ kó gbẹ dénú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí a kan páànù tán ni alága ẹgbẹ́ wa rí sìmẹ́ńtì díẹ̀ gbà. Ọ̀gbẹ́ni Albert Adébánjọ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé ní Àjàó. Ó ní kí n fi sìmẹ́ńtì náà rẹ́ ògiri tinú tẹ̀yìn, kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá ṣílé má baà rí amọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Táòfíkì, ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ará oko ni wá ni?" Ojú tì mí, mi ò jiyàn mọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ló rẹ́ ẹ. Ó dán bíi dígí, mo sì dúró níwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Àfọwọ́fà mi ni, mi ò ní dì í ru ẹlòmíràn.

Ní oṣù keje ni Nọ́ọ̀sì Beatrice, tó ń gbẹ̀bí fún wa, pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní nǹkan kan ń wú lára ògiri lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì kẹta. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí igbá òfìfo. Mo tẹ ẹsẹ̀ ògiri, omi bá mi lọ́wọ́. Hàà! Omi òjò tí mo sé mọ́nú kò rọ́nà jáde, ó ti ń sọ amọ̀ di ẹrẹ̀ padà lábẹ́ sìmẹ́ńtì. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìsíátù sùn fọnfọn, ọmọ ọjọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò sí nǹkan kan. Mo purọ́. Ẹ̀rù ọlọ́pàá bà mí, ẹ̀rù ẹ̀sín bà mí ju ti ọlọ́pàá lọ. Mo ní kí wọ́n kàn sún bẹ́ẹ̀dì náà síwájú díẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yí ilé náà ká bí olè. Ìyàwó mi Wàsílátù bi mí títí, mo ní orí ló ń fọ́ mi. Bí tírélà bá kọjá tí ilẹ̀ mì, mà á rò pé ilé ti wó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo sáré wọlé, mo pariwo pé, "Ẹ jáde! Ẹ gbé àwọn ọmọ jáde! Ògiri ò dáa!" Àwọn obìnrin ń ké yéè. Mo gbé ọmọ Ìsíátù fúnra mi, ìyá rẹ̀ di èjìká mi mú, a sá lọ sí ilé kejì. Nígbà tí mo padà, Ọ̀gbẹ́ni Albert ti dé, inú ń bí i débi pé ó ń kólòlò. Ó ní mo fẹ́ ba orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́, òun á fi ọlọ́pàá mú mi. Mo gbé díga, mo gbá sìmẹ́ńtì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Odindi rẹ̀ já, gbàù, sórí bẹ́ẹ̀dì kẹta, bẹ́ẹ̀dì sì ká mọ́lẹ̀. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọra ń yọ́ wálẹ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ọ̀gbẹ́ni Albert jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Nípàdé, ọ̀pọ̀ ní ká wó ilé náà, ká dúró de búlọ́ọ̀kù. Èyí gan-an ló wá dẹ́rù bà mí jù, torí mo mọ iye obìnrin tí yóò tún máa rọbí láàárín tírélà kí búlọ́ọ̀kù tó dé. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo jẹ́wọ́. Mo ní, "Amọ̀ kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi ni mo sé e mọ́ ní tútù. Ẹ fún mi ní oṣù kẹjọ, ìgbà tí òjò máa ń sinmi." Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi. Mo ha gbogbo sìmẹ́ńtì kúrò, mo wó ibi tó ti rà, mo tún un mọ ní ipele ní ipele. Mo to òkúta yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, mo jẹ́ kí páànù yọ síta dáadáa, mo fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ọ̀gbẹ́ni Albert náà ká ṣòkòtò, ó ń po amọ̀ lójoojúmọ́ tó bá tibi iṣẹ́ dé. Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ó wá ku Nọ́ọ̀sì Beatrice. Ó ní, "Bíríkìlà, o ti purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbé aboyún kankan wọ ibẹ̀ mọ́, àfi tí òjò ńlá bá rọ̀, tí ìwọ fúnra rẹ sì jókòó tì í látìbẹ̀rẹ̀ dópin." Mi ò lè bá a wí. Òjò ńlá ọ̀hún ni tòní.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, Bàbá. Ọmọńlé kan kọjá lára ògiri lẹ́ẹ̀kan, mo fò sókè, àga ṣubú. Òjò ń lu páànù débi pé bí nǹkan bá ń sán, mi ò lè gbọ́. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ ni mo ti kà tán. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí náà ló rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e nígbà kan, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ọwọ́ náà gbọ́? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa. Mi ò fẹ̀sọ̀ mú un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá èèpo igbá, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, kí n lè sè é, kí n fi omi rẹ̀ pa ògiri yìí bí ẹ ti máa ń ṣe. Dẹ́rẹ́bà ará Ìwó tó máa ń gbéra ní Òṣòdì ni yóò mú ìwé yìí wá, ẹ lè fi rán an.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí Wàsílátù fi wọlé. Òjò ti pa á, ó há ẹní mọ́ abíyá, bẹ́ẹ̀ oyún rẹ̀ ti pé oṣù. Àwọn obìnrin kan tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró síbẹ̀. Mo ní, "Kí lo wá ṣe? Padà sílé!" Ó tẹ́ ẹní síbi tí bẹ́ẹ̀dì kẹta wà tẹ́lẹ̀, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní yóò dúró. Ṣé ìyàwó ẹlòmíràn lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ wá dán an wò ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n lọ bímọ sínú mọ́tò ní Òṣòdì?" Ó ń tún gèlè rẹ̀ wé báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Nígbà tó jẹ́ èmi nìkan, ẹ̀mí kan ló wà nínú yàrá yìí. Ní báyìí, mẹ́ta ni.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, Bàbá. Kí ẹsẹ̀ yín gbé yín débi tí ẹ bá ń lọ, kí ó sì gbé yín bọ̀. Kí iṣẹ́ tí ẹ fi kọ́ wa má di ẹkún sí wa lọ́rùn. Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́, Wàsílátù pàápàá.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ọmọṣẹ́ yín,
Táòfíkì.

Ó tún ku díẹ̀, ẹ dákun: Òjò kò tíì dá. Inú ti ń run Wàsílátù. Mo ní ká gbé e lọ sí ilé kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Nọ́ọ̀sì Beatrice wọlé, ó wo ògiri látòkè délẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó wo ọwọ́ náà. Ó bọ́ bàtà, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá, ó sì lé mi síta. Abẹ́ páànù ni mo ti ń kọ èyí, lóde, mo fi gbogbo ẹ̀yìn mi ti ògiri náà. Mò ń gbọ́ ohùn Wàsílátù nínú.