Ohùn Bàbá Rẹ Tí Mo Sẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni ìlú ńlá wà, ṣé àlàáfíà sì ni ìwọ náà wà nínú rẹ̀? Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ lórí igi máa ṣọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ń gbé, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojúure wò ọ́. Àwa náà wà láyé. Ewúrẹ́ ti bímọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí bàbá rẹ kò parí ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀, mi ò jẹ́ kí káfíńtà kankan fọwọ́ kàn án. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rí, mo fà á ya, nítorí ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ìtìjú kì í dà nínú ènìyàn bí oúnjẹ, ó sàn kí n sọ ọ́.

O rántí ohùn bàbá rẹ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lẹ́yìn ìsìnkú, èyí tó sọ sínú fóònù ránṣẹ́ sí ọ nígbà tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn. Kò sí àárọ̀ tí mi ò gbọ́ ọ. Á kí ọ, á béèrè bí ikọ́ rẹ ṣe ń ṣe, á gbàdúrà fún ọ, á ní òun ń padà sídìí iṣẹ́ òun, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́ báyìí, èmi náà á pa fóònù, mà á fi aṣọ bò ó kó lè sinmi, nítorí mo rò pé bí a bá ń lo ohùn òkú jù, ó lè tán. Mi ò mọ̀ pé kò tíì parí. Bàbá rẹ ló gbàgbé láti pa fóònù tirẹ̀, ó gbé e sórí pákó, ó ń ṣiṣẹ́ lọ, fóònù sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí amí.

Nígbà tí ọdún yípo tí a fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí rẹ̀, èmi ni mo lọ bá Pásítọ̀ pé dípò kí àwọn ènìyàn máa ròyìn rẹ̀, kí a jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ó dára. Ọkùnrin tó ń bójú tó makirofóònù so wáyà mọ́ fóònù mi, ohùn bàbá rẹ sì kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń sunkún sunkún. Nígbà tó gbàdúrà fún ọ, gbogbo ìjọ ṣe àmín, ó sì dákẹ́. Mo ti nàró láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn kò pa á. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ hámà, kò, kò, kò, lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ̀kan tí kò bọ́ sórí ìṣó. Àtàǹpàkò bàbá rẹ ló bọ́ sí. Ó pe hámà náà ní ọmọ àlè, ó bú ìyá tó bí i, ó sì dárúkọ ibi tí ìyá ọ̀hún fi ń jókòó, ó dárúkọ rẹ̀ gan-an, kò rọra pè é bí mo ṣe pè é yìí. Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ariwo sì ti gba gbogbo ilé kí wọ́n tó fa wáyà yọ.

Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ pé kí a máa dúpẹ́ pé àwọn ọmọ ọkùnrin yìí tètè kúrò nílé kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó wọ̀ wọ́n lára. Kò sí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kankan níbẹ̀, ó mọ́ bí aṣọ tuntun, ó sì gún mi dé egungun. Ni mo bá la ẹnu mi, mo ní kì í ṣe ohùn ọkọ mi. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni, pé ohùn àwọn ènìyàn máa ń pàdé ara wọn lójú òfuurufú, pé ohùn ọ̀mùtí kan ló já lu ti bàbá rẹ. Nígbà tí mo rí i pé wọn ò gbà mí gbọ́, mo tún un sọ. Èmi tí mo lè mọ ikọ́ ọkùnrin yìí yàtọ̀ láàárín èrò ọjà.

Nígbà tí mo délé, mo mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, mo fọ ojú fóònù náà. Má rẹ́rìn-ín. Nílé ìwé wa, bí ọmọ bá sọ ọ̀rọ̀ rírùn, olùkọ́ wa obìnrin á fi ọṣẹ fọ ẹnu rẹ̀, á ní Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà ẹnu tó ń rùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá tó bí mi ńkọ́, tó ń gbàdúrà ju olùkọ́ náà lọ? Gbogbo ẹ̀yà ara ló ń pè ní orúkọ tó ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mi ò béèrè rí pé nínú àwọn méjèèjì, ta ni Ọlọ́run gba àdúrà rẹ̀. Mo kàn gba ọṣẹ. Ìwọ náà sì jẹ ọṣẹ yìí lọ́wọ́ mi nígbà tí o kéré, nítorí èébú hámà yìí kan náà. Mo bi ọ́ títí pé ta ló kọ́ ọ, ọṣẹ ń hó lẹ́nu rẹ, o kọ̀, o ò dárúkọ ẹnì kankan. Bàbá rẹ jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìṣó ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ìṣó rí.

Omi wọ inú fóònù, ó sì ya odi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Ó tú u, ó gbẹ omi rẹ̀, ó ní ohùn náà kò bàjẹ́. Mo ní kó bá mi gé èébú náà kúrò, kó gé e láti ibi tí hámà ti bà á títí dé ìparí. Mo bọ́ síta, mo fi ìka di etí mi títí ó fi ṣe é tán. Nígbà tó ń gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, Màmá, ẹ̀rù yín ń ba bàbá yìí o. Mo ní kí ló dé. Ó ní lẹ́yìn èébú náà, bàbá rẹ rí i pé fóònù ṣì ń gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá rẹ gbọ́ èyí, ìwọ náà ṣáà mọ bí ọṣẹ yẹn ṣe korò. Bàbá rẹ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi ni òun ti ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òun tó wọlé, bí ẹni bọ́ bàtà, nítorí etí mi. Ó sì pè mí ní orúkọ tó máa ń pè mí bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé.

Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e. Mo wo abẹ́ tábìlì rẹ̀, ọmọ mi, nítorí bí káfíńtà bá gé igi, èyí tó gé kúrò á ṣì wà nílẹ̀. Ó ní ti fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ bá ṣì ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Pásítọ̀, mo sì bi í pé níbo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn burú. Ó ní àpọ́sítélì kò ka ọ̀rọ̀ burúkú fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n tó fún wa ni pé kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa má ba ẹni tó ń gbọ́ ọ jẹ́, kó gbé e ró. Ó ní èébú bàbá rẹ kò dára, òun ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí etí ìyàwó rẹ̀ ti mọ ohun tí àpọ́sítélì ń wí. Ó wá bi mí pé ọ̀rọ̀ tèmi ńkọ́, èyí tí mo fi ní mi ò mọ̀ ọ́n, ọṣẹ wo ni mo fi fọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ mímọ́ tónítóní ni mo fi sẹ́ bàbá rẹ.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, wo inú fóònù rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ náà kò gbọ́ ọ dé ibẹ̀ rí, tàbí o gbọ́ ọ, o mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi í sílẹ̀ fún mi. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ohùn máa ń jẹ dátà lójú ọ̀nà, mo sì rò pé èébú á máa jẹun ju àdúrà lọ, nítorí náà fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ kí ebi má pa á sọ́nà, kí o sì fi ti ọṣẹ lé e, mo ti fi ti ilé ṣòfò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mà á dìde níwájú ìjọ, mà á fi ẹnu ara mi sọ pé ọkọ mi ni. Èyí tó kù, èmi nìkan ni mà á gbọ́ ọ. Bí o bá ti pa á rẹ́, má purọ́ fún mi, kọ ohun tí o bá rántí ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tí ń gbé ènìyàn ró sí ọ lẹ́nu, kó sì fi ẹni tí wàá máa ṣọ́ ẹnu rẹ nítorí rẹ̀ sínú ilé rẹ. Bí o bá fẹ́ fi ohùn náà ránṣẹ́, má gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Jẹ́ kí hámà bà á.

Èmi ni, ìyá rẹ.