Aago Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Yín

                                        Ojúlé Kejìlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ọkọ mi kékeré, Akọ̀wé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ojú omi. Ara ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Àwa náà wà. Oṣù mẹ́rin rèé tí ẹ̀gbọ́n yín ti fi wá sílẹ̀. À ń jẹun, à ń sùn, a kò sì tíì gbé bàtà rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú wa rí nǹkan lánàá. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ọmọ yín obìnrin fẹ́ wọ̀. Inú kọ̀ǹpútà Linux tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ tò ni gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n láti aago mẹ́jọ, ojú ewé ayélujára kankan kò ṣí. Ẹ̀rọ ní òun kò fọkàn tán wọn. A bú àwọn oní-nẹ́tíwọ̀kì títí ẹnu wa fi gbẹ. Mo wá pe Baba Wáyà lórí fóònù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkóríta. Ó ní ká wo ọjọ́ tó wà lójú ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló wà; ó ní ìyẹn ni kò jẹ́ kó gba ojú ewé kankan gbọ́.

Ọmọ fẹ́ yí i, ẹ̀rọ béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Bàbá rẹ̀ ti mú un lọ. Baba Wáyà ní kó tẹ bọ́tìnì kan kí Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, tó jí, kó yí ọjọ́ náà níbẹ̀. Ó yí i, ó pa á láti tún un tàn. Bó ti kú báyìí, ọwọ́ mi ti fa wáyà yọ lára ògiri. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti ń yọ ọ́ lálaalẹ́, torí ẹ̀rù iná. Ẹ̀gbọ́n yín kì í yọ ọ́ láé. Nígbà tó tàn, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn la tún bá a. Ọmọ wò mí. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Baba Wáyà, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, bátìrì inú rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná ògiri nìkan ló fi ń rántí ọjọ́. Ẹ ń febi pa á lálaalẹ́, ẹ tún fẹ́ kó ní iyè nínú?” Ó ní kí ọmọ tún un yí, kí èmi jìnnà sí ògiri.

Ọwọ́ ọmọ dúró.

“Màmá, ní ọjọ́ tó wà níbí yìí, Dádì ṣì wà.”

Mo ní, “Yí i. Òun fúnra rẹ̀ ì bá ti yí i.”

Fọ́ọ̀mù wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Láàárọ̀ yìí mo tú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Irú bátìrì tó kú nínú kọ̀ǹpútà yẹn, pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì ẹ̀wù, ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ kò ní dáhùn mọ́ bí a bá tẹ kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n aago ń lọ. Lẹ́yìn náà mo gbé bàtà rẹ̀ wọlé.

Ẹ bá mi kí àwọn tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ yín ń kí yín.

Èmi ni ìyàwó yín tó ń ṣọ́nà,
Ìyá Ọmọ Yín.