Ọwọ́ Mi Wà Lára Ẹlẹ́kún

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún
Ẹlẹ́kún tún ké lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ Bàbá Fareedah ojúlé kejì nìyẹn – láti ìgbà tí wọ́n ti fi àláàmù sí i, bí ewúrẹ́ bá fara kàn án, igbe ni. Ìwé tí mò ń gán pọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Akoka, mo ṣi ojú ewé rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 7
Igbe. A ò tilẹ̀ gbórí sókè mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Bàbá Fareedah ti lọ kírun Jímọ̀. Ẹlẹ́kún figbe ta, kò dákẹ́. Mo fi ìbínú jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń làágùn. Mẹkáníìkì lòun, Bàbá Fareedah ló ní kóun wá gbé e, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kò kàn fẹ́ ṣiṣẹ́. "Ẹ má bínú, mà." Mo ní kó sáà gbé wàhálà yẹn kúrò níwájú ilé wa! Mo pe Rebecca ẹlẹ́ja, a bá a tì í dé títì. Ọkọ̀ míì so okùn mọ́ ọn, ó wọ́ ọ lọ. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ – gbọọrọ. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìdákẹ́jẹ́.

Ìrọ̀lẹ́
Bàbá Fareedah ò rán mẹkáníìkì kankan. Olè ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Fuad ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù, àbúrò Bàbá Fareedah tó ń bá wọn wa ọkọ̀ náà. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Fareedah ní, "Àláàmù wà ńbẹ̀, lọ́ọ̀kì tó ń pa ẹ́ńjìnnì wà ńbẹ̀. Ta ló fẹ́ gbé e, tí kì í bá ṣe ẹni tó mọ̀dí ẹ̀?" Fuad sunkún níṣojú gbogbo wa. Rebecca wò mí. Mo wolẹ̀. Lọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àwa la di ẹ́ńjìnnì fún olè.

Ọjọ́ Àìkú, 11
N ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fuad ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Rebecca ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dákẹ́." Mo dákẹ́ – èmi tí mò ń bú ọkọ̀ pé kì í dákẹ́. Ojú ń tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Mo lọ bá Bàbá Fareedah. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán, n ò dárúkọ Rebecca. Bàbá Fareedah ò pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ pe Fuad lórí fóònù, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ wálé. Wọ́n wá bi mí bóyá mo gbọ́ àláàmù náà nígbà tó ń ké. Mo ní mo gbọ́.

"Ìyá Ẹ̀bùn, torí kí ẹ̀yin lè gbọ́ ni mo ṣe fi í síbẹ̀."