Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Wa Yí

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le bí tiwa níbí ṣe le. Orúnkún Màmá nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹnu wọn ṣì mú ṣáṣá.

Láti ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ ti sọ pé àwọn kò ní í jẹun lọ́wọ́ ọmọ wọ́dà ni ọ̀rọ̀ Bàbá ti ń dùn mí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n etíkun yẹn ni ọkọ wọn kú sí, n kò lè bá wọn wíjọ́. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni Bàbá, a sì mọ̀ pé wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe? Ohun tí mo lọ wádìí nìyẹn.

Odi ológun ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nítorí ọ̀tá tó lè gba ojú òkun wá. Ọ̀tá ò wá. Nígbà tó yá, ìjọba kó àwọn alátakò rẹ̀ síbẹ̀. Ilé tí a kọ́ kí ará ìta má baà wọlé di èyí tí ará inú ò gbọdọ̀ jáde. Ẹnikẹ́ni ò rántí ilẹ̀kùn: inú ni gbogbo ìdábùú tí a fi ń tì wọ́n wà.

Wọ́dà àtijọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló sọ ọ́ fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ilẹ̀kùn mọ́ra wọn. Àwọn wọ́dà ń kànkùn, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn!” Ẹnìkan dáhùn látinú: “Ta nìyẹn? A ò gbàlejò lónìí o!” Wọ́dà arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Bí ìjọba ṣe ránṣẹ́ pe Bàbá wa láti ìgboro nìyẹn. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí i, wọ́n gbé ìdábùú rẹ̀ síta. Mo béèrè bóyá ìgbà náà ni ìjọba gba Bàbá síṣẹ́ wọ́dà. Arúgbó náà wò mí: “Wọ́dà kẹ̀? Ẹni tó mọ bí gbogbo ilẹ̀kùn ṣe ń yọ, ta ló máa jẹ́ kó relé? Ilẹ̀kùn tó yí kẹ́yìn ni wọ́n tì mọ́ ọn.”

N kì í gba ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo, nítorí náà mo lọ wo odi náà fúnra mi. O mọ̀ pé Bàbá kì í fi ihò ìṣó àtijọ́ sílẹ̀ lára pákó. Igi ni wọ́n fi ń dí i, wọn á sì fá a títí yóò fi dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a lára gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀, títí kan èyí tó kẹ́yìn. Bóyá Bàbá mọ̀ pé ilẹ̀kùn tiwọn ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, n kò lè sọ.

Bàbá kì í ṣe wọ́dà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló ṣe ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ ọkọ ìyá ọkọ rẹ. Sọ méjèèjì fún wọn. Má fi ìkejì pa mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn fún Màmá, wọ́n bi mí pé, “Ilẹ̀kùn náà, ṣé ó ń dún?” Mo ní ìka kan ni mo fi tì í, kò sì dún rárá. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọkọ mi nìyẹn.” Wọ́n yíjú sí ògiri, wọ́n sunkún.

Kí Ọlọ́run tu ilé rẹ lára, kó fún ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò wọ ìyá ọkọ rẹ létí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ.

Mo tún rántí: bí ìyá ọkọ rẹ bá gbọ́ tí wọ́n ṣì yarí, má bá wọn jà. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ibẹ̀, èmi ni màá mú wọn lọ. Kí wọ́n wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.