Ìbéèrè tí dókítà ojú bi mí

Ọjọ́bọ̀, inú oṣù November

Mo parọ́ fún dókítà lónìí, níwájú ọmọ mi.

Ó ti pẹ́ tí Títí kì í ríran dáadáa tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Dókítà ní inú ẹbí ló ti jogún ẹ̀. Ó wá bi mí bóyá èmi àti bàbá ẹ̀ bára tan. Mo ní rárá. Ojú ló tì mí.

Nínú bọ́ọ̀sì láti ọsibítù ní Woolwich, Títí ní, "Mummy, be honest. Kí ló dé tẹ́ ẹ wolẹ̀ nígbà tí dókítà bi yín?"

Mo sọ fún un. Ìyá àgbà mi àti ìyá àgbà Daddy ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Odò ló yí abúlé wa ká, ilé ò pọ̀ níbẹ̀, ara wa là ń fẹ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í jáde tó bá ti di ìrọ̀lẹ́. Àṣà la pè é.

Títí ní, "Ẹ call dókítà lọ́la. Àbúrò mi náà gbọ́dọ̀ ṣe test."

Mo ní màá pè é.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ ní Thamesmead, àdúgbò wa. Títí kì í gbà kí n di òun mú. Lónìí, òun fúnra ẹ̀ ló di apá mi mú, a sì rọra rìn délé.