Orúkọ Yín Ló Yẹ Ṣóńṣó Òkè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ sì kú iná ìrẹsì. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n, mo sì kí gbogbo ìyá ẹgbẹ́ onírẹsì ní Igbemo.

Ọjọ́ Ajé tí a jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, láti tọrọ ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì, ni mo ṣẹ̀ yín. Gbangba ni mo ti ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tọrọ ìdáríjì ní gbangba; kí Ẹ̀gbọ́n ka ìwé yìí sókè létí gbogbo ẹgbẹ́.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ to àpò ìrẹsì fún mi lẹ́yìn ilé: mẹ́fà nísàlẹ̀, mẹ́ta lé e, ọ̀kan lókè. Ẹ ní àwọn tí ń se ìrẹsì ni mẹ́fà, àwọn tí ń sá a ni mẹ́ta, ẹ̀yin tí ẹ ń pín iṣẹ́ ni ọ̀kan. Ẹ ní kí n fa àpò kan yọ nísàlẹ̀, kí n wò ó bóyá ẹni òkè yóò rí ibi jókòó. Mo fà á. Àpò òkè já lé mi lẹ́sẹ̀, ẹ sì rẹ́rìn-ín pé Pólì kò kọ́ mi ní èyí.

Mo yà á ní píramíìdì sínú kọ̀ǹpútà. Bó ti hàn lára ògiri ọ́fíìsì náà, àwọn ọ̀gá ti mọ ipò oníkálukú kí n tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú tì mí láti kọ orúkọ ìyá tí kò kàwé sí ṣóńṣó. Tèmi ni mo kọ. Wọ́n béèrè ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀, mo ní Pólì ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ni ẹ jókòó sí, ẹ ń gbọ́ mi. Inú bọ́ọ̀sì ni ẹ ti wá bi mí bóyá ẹsẹ̀ tí àpò já lé ṣì ń dùn mí.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo ń yà jẹun ní Kánádà. Ọ̀gá mi ń yìn mí pé ìsàlẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé; kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ó ń yìn. Bí mo bá wọ yàrá, tí yìnyín bo fèrèsé, tí kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá mo ti jẹun, ọjọ́ Ajé yẹn ni mo máa ń rántí. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ kò pa á rẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fún wa nígbà náà ti dákẹ́, àti pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè nìkan ni ọ́fíìsì gbà kó fọwọ́ sí ìwé àtúnṣe. Ó ní ẹ̀yin kàn sọ pé kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu, pé mo wà níbi iṣẹ́. Ìyẹn dùn mí ju ìbáwí lọ.

Mo jẹ́bi, Ìyá mi. Ẹ foríjì mí. Ọlọ́run yóò dá yín sí, ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ bá mi kí ará ilé àti ará ìjọ.

Mo ti tún píramíìdì náà yà. Orúkọ àwọn ìyá wà ní ipò wọn, tiyín wà ní ṣóńṣó; mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìyá mi ló kọ́ mi. Ọ́fíìsì ti gbà á láàárọ̀ yìí. Ìka yín ni wọ́n ń retí lórí ìwé àtúnṣe.

Èmi ni ọmọ yín,
Délé