Ọwọ́ Lórí Itan: Ìgbésí Ayé Ìyá Wa, Olùkọ́ Dùùrù

A bí ìyá wa, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Dùùrù, ní ọdún 1943, sí ilé káfíńtà tó ń tún àga ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àti aya rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Ìyá wa ni àbíkẹ́yìn. Bàbá wọn ló gbé wọn jókòó sídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ayùn. Láti ọjọ́ náà, wọn kò dìde níbẹ̀ mọ́.

Ní 1966, wọ́n parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n sì fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ rélùwéè tí kò lè kọ orin kan tọ̀nà. Ìyá wa a máa sọ pé Ọlọ́run ló fi bàbá wa dán ìfẹ́ òun wò. Wọ́n gbé pọ̀ nírẹ̀ẹ́pọ̀ títí bàbá fi ṣíwájú ní 2009.

Yàrá ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n ti ń kọ́ni, ọmọ ẹni tí kò lówó ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Dùùrù méjì ló wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dá tẹ̀. Ìyá wa a máa tẹ tiwọn mọ́ tirẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣubú lè rí ẹni gbá a mú.

Ní 2019, orúnkún kọ̀ fún wọn, wọn kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà wá, nítorí a mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni ẹ̀mí wọn. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà gbé dùùrù kan gòkè, ó ra kámẹ́rà tó ń fi ìka hàn kedere àti makirofóònù tí kì í gbé ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ mì, kí wọ́n lè máa kọ́ni lórí fídíò. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ gbà: nọ́ọ̀sì kan lókè òkun, tó fẹ́ di atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Àwòrán mọ́ gaara, ohùn dún ketekete, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́, orin kò rìn. Ohùn ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà. Ìyá wa fà sẹ́yìn láti dúró de nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn láti dúró de ìyá wa. Orin ayọ̀ di ìrìn ìgbín, títí àwọn méjèèjì fi gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù. Ìyá wa ní, "Ẹ gbé kámẹ́rà yìí kúrò. Iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn." Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ló pè padà: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá a tẹ̀. Tí mo bá ṣubú, màá dìde."

Ìyá wa pa ohùn tiwọn, wọ́n kó ọwọ́ lé itan, wọ́n sì gbọ́ orin náà dópin kí wọ́n tó ṣàtúnṣe. Kò rọrùn. Nígbà míì, ńṣe ni wọ́n á jókòó lé ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n orin rìn, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dé, oúnjẹ sì wọlé sí wọn lára. Ara tu gbogbo wa.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, nọ́ọ̀sì tẹ dùùrù fún ìjọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá wa wò ó lórí fídíò láti orí ibùsùn, ìka wọn ń rìn lórí aṣọ ìbora. Nígbà tó parí, ó béèrè bóyá Màmá ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tan ohùn, wọ́n ní, "Mo wà níbí. O ò tiẹ̀ nílò mi mọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sùn. Oorun náà ni wọ́n bá lọ.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé sílẹ̀.

Ẹ sùn un re, Ìyá Dùùrù. Ẹ kó ọwọ́ lé itan. Àwa náà á dá a tẹ̀. Bí a bá ṣubú, a óò dìde.